Níbi tí Ẹrù ti Wúwo: Ìtàn Ohun Èlò Ìpọnmi àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ìdánwò Ẹ̀rọ ní Irú Ìlú bí Òbbò-Ilé

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tí ó ti wúwo. Ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn òwò pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìtàn bí omi ṣe ń ti odò dé inú àmù kò tó nǹkan níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Iṣẹ́ obìnrin àti iṣẹ́ ọmọdé ni, àràárọ̀ ni a sì ń ṣe é. Ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ kì í jọ ìtàn lójú ẹni tí ń ṣe é, kì í sì í jọ ìtàn lójú ẹni tí a ń ṣe é fún.

Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe oríṣiríṣi ohun èlò tí wọ́n gbà pé yóò sọ ẹrù yìí kalẹ̀ lórí obìnrin. Ní yunifásítì, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a kọ́kọ́ ṣe láti fi dán èrò wò kí a tó ṣe púpọ̀. Iṣẹ́ yìí gbé ìtàn àwọn ohun èlò ìpọnmi yẹ̀ wò, ó sì béèrè ohun tí ìtàn náà lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá ń múra láti dán àkọ́ṣe wò ní irú ìlú bí Òbbò-Ilé ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kókó tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ibi tí omi ti wúwo jù fún ẹni tí ń rù ú kì í sábà jẹ́ ibi tí onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ìdánwò tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rù kò tíì bẹ̀rẹ̀.

2. Ilẹ̀ àti Omi ní Agbègbè Òbbò-Ilé

Òbbò-Ilé wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Lára àwọn ìlú agbègbè náà ni Òsì àti Òbbò-Ayégúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí ó bá wọn pààlà. Nígbà ìjọba amúnisìn, abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ní Àríwá Nàìjíríà ni a ka àwọn ìlú wọ̀nyí mọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Èkìtì yòókù wà ní ìhà Gúúsù. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní ọdún 1967, Ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara ni wọ́n bọ́ sí. Ètò omi àwọn ìlú wọ̀nyí kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba kan náà wá bí ti àwọn ìbátan wọn ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́.

Bí ilẹ̀ agbègbè náà ṣe rí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Orí òkúta líle, irú bíi gíránáìtì, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sí káàkiri nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Inú ibi tí òkúta bá ti là, tàbí ibi tí ojú rẹ̀ bá ti rà di erùpẹ̀, ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Èyí ni ó fi ń ṣẹlẹ̀ pé bọ́ọ̀hóòlù kan yóò lómi, tí èkejì tí kò jìnnà sí i yóò sì gbẹ. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọ̀gbẹlẹ̀ ni, àwọn odò kéékèèké a sì fà. Ilẹ̀ olókè ni pẹ̀lú. Odò a máa wà ní ìsàlẹ̀, ilé a sì máa wà lókè, èyí sì túmọ̀ sí pé agbè òfìfo ni obìnrin ń gbé sọ̀kalẹ̀, agbè tí ó kún ni ó sì ń gbé gòkè.

3. Láti Ìkòkò dé Kẹ́ẹ̀gì

Ohun tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń pọnmi ni akèrègbè, igbá àti ìkòkò amọ̀. Oko ni akèrègbè ti ń wá, ọwọ́ obìnrin amọ̀kòkò sì ni ìkòkò ti ń wá. Ní Ìlọrin, àwọn obìnrin agbo-ilé Dada ní Òkèlele ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó mọ ìkòkò àti ẹni tí ó ń fi í pọnmi kò jìnnà síra wọn, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Bí ìkòkò bá wúwo jù tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ jù, ẹjọ́ náà kò ní pẹ́ dé etí amọ̀kòkò lọ́jà. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé òṣùká, ìyẹn aṣọ tàbí ewé tí a ká sí àárín orí. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ẹrù ro orí, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ó rí roboto jókòó.

Nígbà tí òwò epo kẹrosíìnì gbilẹ̀ ní àsìkò ìjọba amúnisìn, agolo onígun mẹ́rin tí a fi ń kó epo náà wọlé di ohun ìpọnmi. Èyí ni garawa. Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni ó ń gbà, tí í ṣe nǹkan bíi lítà 18. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agolo tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe ní nǹkan bí ọdún 1937 láti fi gbé epo ọkọ̀ lójú ogun. Lítà 20 ni èyí ń gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n wò ó ṣe, ó sì tàn ká ayé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tí ó wá pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni kẹ́ẹ̀gì ike tí ń gba lítà 25, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì òróró kí ó tó di ti omi.

Bí a bá to àwọn mẹ́ta wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, ohun kan yóò hàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ṣe nítorí omi, kò sì sí ọ̀kan tí a ṣe nítorí orí obìnrin. Oníṣòwò kẹrosíìnì ni ó pinnu pé kí ẹrù ọmọbìnrin jẹ́ lítà 18. Ọ̀gágun ilẹ̀ Jámánì ni ó sọ ọ́ di 20. Olóròóró ni ó sọ ọ́ di 25. Bí ohun èlò ṣe ń fúyẹ́ sí i láti amọ̀ dé páànù àti láti páànù dé ike, bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹrù kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́.

Kẹ̀kẹ́ náà kò ṣàì wọ inú ọ̀rọ̀ omi. Ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, mẹ́rúwà a máa to kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ọmọlanke, a sì máa tì í láti ojúlé dé ojúlé. Ọkùnrin ni mẹ́rúwà, owó ni ó sì ń gbà. Níbi tí omi ti di ọjà ni kẹ̀kẹ́ ti dé, níbi tí omi ti jẹ́ iṣẹ́ ilé ni ó ti wà lórí. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde ní ọdún 2010 láti inú orílẹ̀-èdè 45 fi hàn pé nínú ilé tí kò ní omi lágbàlá, àgbà obìnrin ni ó ń pọnmi nínú ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún, àgbà ọkùnrin nínú 24, ọmọdébìnrin nínú 8, ọmọdékùnrin nínú 4.

4. Àgbá tí a ń Yí

Gúúsù Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ rí ohun èlò tí ó lókìkí tí a ṣe nítorí pípọnmi gan-an. Ní ọdún 1991, Pettie Petzer àti Johan Jonker ṣe àgbá ike tí ń gba lítà 90, tí ó ní ọ̀pá irin tí a fi ń tì í tàbí tí a fi ń fà á bí ó ti ń yí nílẹ̀. Hippo Roller ni a ń pè é. Ní ọdún 1993 ni Hans Hendrikse gbé Q Drum jáde. Lítà 50 ni ó ń gbà. Ihò wà láàárín rẹ̀ bíi ti òrùka, okùn ni a sì ń kì bọ inú ihò náà láti fi fà á. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kò ní irin kankan tí yóò dípẹtà tàbí tí yóò ṣẹ́. Ní ọdún 2007, a pàtẹ Q Drum ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Cooper-Hewitt ní New York. Ní nǹkan bí ọdún 2011, Cynthia Koenig, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan náà ní ilẹ̀ Íńdíà lábẹ́ orúkọ Wello.

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ kojú àwọn àgbá wọ̀nyí kì í ṣe ti yíyí. Ti owó ni, àti ti ìrìnnà. Àgbá òfìfo kò wúwo, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè. Ọkọ̀ tí ó bá kó o láti ilé iṣẹ́ lọ sí abúlé, afẹ́fẹ́ ni ó kó jù. Iye tí a ń tà á ga ju agbára ẹni tí a ṣe é fún lọ, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni ó sábà ń rà á. Ẹni tí ó sanwó kò pọnmi, ẹni tí ó pọnmi kò sanwó. Ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàárín amọ̀kòkò àti oníbàárà rẹ̀ ti já níbẹ̀.

Ìtàn kan wà tí ó sún mọ́ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fífa omi ni ó jẹ mọ́. PlayPump ni, ẹ̀rọ tí ọmọdé yóò máa ṣeré yípo lórí rẹ̀ tí omi yóò sì máa jáde. Gúúsù Áfíríkà ni a ti ṣe é. Ní ọdún 2006, a kéde dọ́là mílíọ̀nù 16.4 fún un ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìlérí pé 4,000 rẹ̀ yóò dúró ní Áfíríkà títí di ọdún 2010. Ní ọdún 2009, ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò pé kí ẹ̀rọ kan tó lè fún iye ènìyàn tí a ṣèlérí ní omi tí ó tó wọn, àwọn ọmọdé ní láti ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Àwọn àgbà obìnrin ni ó wá ń fọwọ́ yí i. Kò pẹ́ tí ètò náà fi dáwọ́ dúró. A ti dán ẹ̀rọ náà wò lóòótọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tí a kò dán wò ni ọjọ́ kan nínú ayé ẹni tí yóò lò ó.

5. Orí, Ọrùn àti Òkè

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò orí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí orí lè ṣe. Ní ọdún 1986, Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin náà lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára ju ti ẹni tí ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ìwádìí Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Xhosa ní ọdún 2010 kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tí ó kárí gbogbo wọn. Ní ọdún 2010 kan náà, Geere, Hunter àti Jagals tẹ ìwádìí jáde láti Limpopo ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó fi hàn pé ìrora ọrùn àti ti ẹ̀yìn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń pọnmi. Ohun tí a lè rí dì mú ni pé rírù jẹ́ ìmọ̀ tí ara ń kọ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n ara a máa san gbèsè rẹ̀.

Ṣé kẹ̀kẹ́ yóò wá san gbèsè náà? Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó lè san púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé àgbá lítà 90 dé ọ̀nà odò ní ilẹ̀ olókè. Kìlógíráàmù 90 ni omi inú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ń ga ní mítà kan fún mítà márùn-ún tí a bá rìn, agbára tí a nílò kí àgbá náà má baà yí padà sẹ́yìn tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 18, láìtíì ka òkúta, gbòǹgbò àti ẹrẹ̀. Ìwọ̀n garawa kan tí ó kún nìyẹn. Lóòótọ́, garawa márùn-ún ni obìnrin náà ń gbé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n apá ni ó fi ń gbé e báyìí, kì í ṣe ọrùn tí ó ti kọ́ iṣẹ́ náà láti kékeré. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì yọ̀, omi nìkan kọ́ ni yóò lọ, àgbá yóò yí lu ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Rírìn kọ́ ni ó sì le jù nínú iṣẹ́ náà. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ya gbígbé ẹrù ru ènìyàn àti bíbá a sọ̀ ọ́ sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni kan ṣoṣo kò sábà lè ṣe wọ́n. Láti mú àgbá kún létí odò tí ó ti fà, igbá ni a óò fi máa bù ú. Bí igbá náà bá gba lítà kan, a óò bù ú ní ìgbà 90. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀hóòlù afọwọ́fà tí ń mú lítà 12 wá ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méje àti ààbọ̀ ni obìnrin kan yóò fi dúró nídìí rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù tò sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá sì délé, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé àgbá sókè láti dà á sínú àmù.

6. Bóyá kí Omi ó Sún Mọ́ Ilé

Àríyànjiyàn tí ó lágbára jù lòdì sí gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ni pé kí ìjọba gbé omi wá sítòsí dípò kí a máa wá ọ̀nà láti gbé e láti ọ̀nà jíjìn. Ìtàn ti àríyànjiyàn yìí lẹ́yìn. Ní Èkó, a dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún 1908 láti tako owó omi. Nígbà náà, ìbéèrè ará Èkó ni ta ni yóò sanwó omi ẹ̀rọ. Ní abúlé, ìbéèrè náà kò tíì dé ibẹ̀. Ọdún 1981 sí 1990 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún omi mímu àti ìmọ́tótó. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun dá DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì.

Ní Kwara gan-an, ẹ̀rí tí ó dára wà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, UNICEF ṣèrànwọ́ fún ètò omi ìgbèríko ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Asa. Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ipa tí ètò náà ní lórí àrùn sòbìà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1988. Níbi tí bọ́ọ̀hóòlù dé, sòbìà dín kù gidigidi. Ẹni tí sòbìà bá mú kò lè lọ oko, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lọ odò. Ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà ṣe ní Nàìjíríà ni a rí ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé ó ti tán ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí àgbá tí ó lè ṣe èyí, nítorí pé omi tí kò mọ́ ni àgbá yóò gbé wá bí omi odò kò bá mọ́.

Síbẹ̀, a kò lè fi èyí dá akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ́bi. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ kò gbà kí bọ́ọ̀hóòlù wà níbi gbogbo tí a bá fẹ́, ẹ̀rọ a sì máa bàjẹ́. Òṣùwọ̀n tí àgbáyé fi ń wọn omi tí a kà sí èyí tí ó tó fún ìpìlẹ̀ gba ìrìn àlọ àti àbọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, pẹ̀lú dídúró lórí ìlà. Àní nínú òṣùwọ̀n yìí, ẹnìkan ṣì ń ru omi. Ẹ̀rọ ìpọnmi ní àyè tirẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dà ni àwáwí fún ìjọba láti ká apá gbera.

7. Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò

Ohun mẹ́rin ni ìtàn yìí kọ́ni nípa ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò. Èkíní ni ọ̀nà. Ojú ọ̀nà odò, ní oṣù Kejì tí odò ti fà àti ní oṣù Kẹsàn-án tí ẹrẹ̀ wà, ni ibi ìdánwò, kì í ṣe pápá ìṣeré yunifásítì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn gíga ọ̀nà náà kí ó tó wọn àgbá rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá ga jù, ìṣirò òkè yìí ti dá a lóhùn láìná kọ́bọ̀.

Èkejì ni ẹni tí yóò dán an wò. Ẹni tí ó bá dé ààfin nìkan yóò gbọ́ èrò ọba àti àwọn ìjòyè, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó ń pọnmi. Kí a dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, kí a sì dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí ó ń pọnmi kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Koenig ròyìn láti Íńdíà pé àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbá tirẹ̀ pọnmi, nítorí pé wọ́n kà á sí irinṣẹ́. Èyí lè jẹ́ ìrọ̀rùn fún obìnrin. Ó sì tún lè jẹ́ pé àgbá náà yóò bá ọkọ lọ sí oko, tí ìyàwó yóò sì padà sídìí kẹ́ẹ̀gì. Ìdánwò ni yóò sọ èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àsìkò. Láwùjọ Yorùbá, a kì í fi ẹnu tẹ́ ẹ̀bùn àlejò lójú àlejò. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àkọ́ṣe dé, àtẹ́wọ́ àti àdúrà ni yóò gbà, yóò sì ka ìwọ̀nyí sí ẹ̀rí nínú ìwé rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ó padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìránṣẹ́ ṣáájú, kí ó sì wo ibi tí ó wà. Bí ó bá bá a lójú ọ̀nà odò, ó ti yege. Bí ó bá bá a ní kọ̀rọ̀ ilé tí a fi ń tọ́jú omi tàbí àgbàdo, ẹlẹ́rù ti dáhùn lọ́nà tí kò fi bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin ni àtúnṣe. Agbègbè yìí ni Arẹ́ògún ti Òsì, tí ó kú ní ọdún 1954, àti Bámgbóyè ti Odò-Ọwá, tí ó kú ní ọdún 1978, ti gbẹ́ igi tí a ń wò títí di òní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kárí ayé. Kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní oníṣọ̀nà. Bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ tí alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà ìlú kò lè tún un ṣe, ọjọ́ tí ó bàjẹ́ ni ó kú. Ó yẹ kí irú oníṣọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ń ya àwòrán rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ti ṣe wà nítòsí ẹni tí ń lo ìkòkò.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé láti ìgbà tí ìkòkò amọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń pinnu ìwọ̀n ẹrù omi fún obìnrin, láti orí oníṣòwò kẹrosíìnì títí dé orí olóròóró. Àwọn àgbá tí a ń yí ni ohun èlò tuntun tí ó kọ́kọ́ ro ti pípọnmi gan-an, iyì wọn sì ni èyí. Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ wọ́n jù, owó wọn ga, ìgbérù àti ìsọ̀kalẹ̀ ẹrù kò sì tíì yanjú nínú wọn. A sì ti rí i pé mímú omi sún mọ́ ilé, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Asa, ń ṣe ohun tí ohun èlò ìpọnmi kankan kò lè ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń múra ìdánwò ní Òbbò-Ilé tàbí ní ìlú mìíràn tí ó jọ ọ́ wà ní ipò tí oníṣòwò kẹrosíìnì kò sí rí. Ó lè béèrè kí ó tó ṣe é. Bí kò bá béèrè, àgbá rẹ̀ yóò kàn tẹ̀lé garawa àti kẹ́ẹ̀gì nínú ìtàn yìí ni, gẹ́gẹ́ bí ẹrù mìíràn tí a gbé ka orí ẹni tí a kò bi léèrè.